Iye tí Wọ́n Ń Pè fún Mi ní Ọjà Igbó

Ìṣẹ́gun, 8 Oṣù Kẹwàá 2024

Orúkọ mi máa wà lórí ìwé. Ṣàngódùnní — gbogbo ẹ̀, kì í ṣe "S." lásán. Gíráàfù ló sọ ọ́ lónìí ní ọ́fíìsì ẹ̀ ní yunifásítì. Dókítà Akínọlá ni mò ń pè ní Gíráàfù, torí kò lè sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì kó má ya ìlà sórí nǹkan — ẹ̀yìn àpò ìwé, ara ike omi, ohunkóhun. Ẹni kẹta ni màá jẹ́ lórí ìwé náà: òun, Olúwadára tó ń ṣe Ph.D. lábẹ́ ẹ̀, lẹ́yìn náà èmi. Èmi tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ ní S.S.2! Èmi tó jẹ́ pé ìwé Ẹkonọ́míìsì àlòkù tí mo rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni mo fi kọ́ ara mi. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù yìí, ló máa fi ìwé náà ránṣẹ́ sí àpéjọ kan l'Ábújá. Ó ní àwọn tó ń gba báńkì àgbà ìjọba nímọ̀ràn lórí èlé owó máa wà ńbẹ̀.

Inú mi dùn. Kí n kọ ìyẹn sílẹ̀ ná kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìjà.

Torí ìlà yẹn. Ó fi hàn mí lórí láptọ́ọ̀pù. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo ti ń kọ iye oúnjẹ fún un — gbogbo Ìṣẹ́gun ní Ọjà Igbó níbí, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ní Akẹ̀sán l'Ọ́yọ̀ọ́. Ó ti sọ gbogbo ẹ̀ di ìlà méjì. Ti Ògbómọ̀ṣọ́ ń gòkè, ń gòkè, ń gòkè — ó dé oṣù karùn-ún ọdún yìí, ó tẹ́jú bíi tábìlì. Ó ní, "Ṣé o rí i? Báńkì àgbà fi kún èlé, owó ò rọrùn láti yá mọ́, ọ̀wọ́n ọjà dúró." Ti Ọ̀yọ́ ṣì ń rọra gòkè. Ó ní báńkì ò pọ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́ tó tibí, pé ètò owó máa ń pẹ́ kó tó dé irú ibẹ̀.

Mo ní, "Dókítà, ṣé gàrí máa ń gbọ́ ìròyìn ni?"

Olúwadára rẹ́rìn-ín. Gíráàfù ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, 10

Ọ̀yọ́. Mo parí iṣẹ́ ní Akẹ̀sán kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Nínú bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ padà, ariwo ni ṣáá. Ìyá kan ní òun ò lè ra ìrẹsì ní kóńgò mọ́, agolo mílíìkì lòun fi ń rà á báyìí. Dírẹ́bà ní, "Gàrí tá a máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, òun ló ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ báyìí." Oríṣiríṣi. Èèyàn méjìdínlógún, kò sẹ́ni tó ní ọjà dúró. Kò sí ẹyọ kan. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé ìlà kan wà lórí láptọ́ọ̀pù tó ní irọ́ ni wọ́n ń pa.

Gàrí lóòótọ́ ò kúrò lójú kan, mo mọ̀ yẹn, mo máa ń ra kóńgò kan lọ sílé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àmọ́ ẹ̀wà ńkọ́? Èlùbọ́ ńkọ́? Mi ò rántí. Bí mo bá ti kọ ọ́, mo ti kọ ọ́, èmi kì í wo ẹ̀yìn.

Ọwọ́ mélòó ló wà láàárín fọ́ọ̀mù mi àti ìlà yẹn? Ọwọ́ kan. Olúwadára ló ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà.

Ẹtì, 11

Mo pè é. Mo ní, "Dára, èló ni wọ́n fún ẹ?" Ó ní fún kí ni. Mo ní kó má ṣojú ayé sí mi, pé ó ti gé iye ọjà mi kúrú kí ọ̀gá ẹ̀ lè rí ohun tó ń wá. Ó wá ní, "Àǹtí, ẹ máa bọ̀ lọ́la. Gbogbo fọ́ọ̀mù yín wà nínú páálí lábẹ́ tábìlì mi. Ẹ wá kà á fúnra yín."

Ohùn ẹ̀ ò tiẹ̀ gbọ̀n. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú.

Sátidé, 12

Aago mẹ́jọ sí aago méjì. Ó ń ka ti láptọ́ọ̀pù, mò ń ka ti fọ́ọ̀mù. Ìlà kọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó yàtọ̀. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́, irú "2" burúkú tí mo máa ń kọ yẹn: gàrí, oṣù karùn-ún, ẹgbẹ̀fà náírà. Oṣù kẹfà, ẹgbẹ̀fà. Oṣù kẹjọ, ẹgbẹ̀fà. Ẹ̀wà náà, ojú kan. Èlùbọ́ náà, ojú kan. Gbogbo àwọn obìnrin tí mo máa ń bi ní Ọjà Igbó, bí ẹni pé wọ́n kan ọjà mọ́lẹ̀.

Ó ra búrẹ́dì àti mínírà fún mi. Mo jẹ ẹ́, mo mu ún. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Màá bẹ̀ ẹ́ lọ́la.

Sọ́ńdè, 13

Mi ò tíì bẹ̀ ẹ́.

Ajé, 14

Rúùtù tó ń ránṣọ ní yàrá tó kọjú sí tèmi ti ń ṣépè láti àárọ̀. Ẹni tó wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láná! Mo ní kí ló dé. Ó ní kóńgò gàrí kan, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ ni wọ́n tà á fún òun ní Ọjà Igbó lọ́jọ́ Sátidé. Mo ní wọ́n rẹ́ ẹ jẹ ni. Mo ní ẹgbẹ̀fà ni.

"Ẹgbẹ̀fà níbo? Lọ́run?"

Mo ní ní ìlà Ìyá Ṣùbòmí, kó lọ bi wọ́n. Ó ní ìlà wo nìyẹn. Mo júwe ẹ̀. Ó ní, "Ṣé obìnrin tó ní eyín wúrà yẹn? Òun gan-an ló tà á fún mi. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò yọ náírà mẹ́wàá."

Mo jókòó, mo dìde. Mo lọ pọn omi tí mi ò nílò. Mo padà dé, mo tún mú garawa.

Ìṣẹ́gun, 15

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí bí mo bá sùn tán, màá bẹ̀rẹ̀ sí í dá ara mi láre.

Mo dé ọjà ní aago méje bí mo ṣe máa ń dé e. Gíráàfù ló ní kó máa jẹ́ àárọ̀, wákàtí kan náà, kí èrò tó kún. Obìnrin mẹ́fà ló wà ní ìlà yẹn, gàrí, ẹ̀wà, èlùbọ́, Ìyá Ṣùbòmí sì ni olórí wọn. Ohun tó bá sọ, ó parí. Mo kí i, mo bi í, "Mà, èló ni kóńgò lónìí?"

"Ọmọ mi, ẹgbẹ̀fà."

Ó bù ú, ó pọ́n gogoro, ó tún ki ọwọ́ bọ inú àpò, ó fi ẹ̀kúnwọ́ kan sí i. Mo sanwó. Mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Nígbà tí aago mẹ́sàn-án lù, mo rán Rúùtù lọ síwájú ẹ̀, èmi lọ sá sẹ́yìn ọkọ̀ kan tó ń já iṣu. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ. Kóńgò kan náà. Ó fi ọ̀pá gé orí ẹ̀ pẹlẹbẹ. Kò fi nǹkan kan sí i.

Mi ò ní sùúrù. Mo jáde láti ẹ̀yìn ọkọ̀ bí ọlọ́pàá. Mo ní, "Ìyá Ṣùbòmí, ẹ ti ń parọ́ fún mi láti oṣù karùn-ún!"

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Irọ́ wo? O bi mí ní iye, mo sọ ọ́. Ìgbà wo ni mo gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ?"

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ lẹ tà á fún ọ̀rẹ́ mi yìí!"

"Ọ̀rẹ́ ẹ yìí kọ́ ló jà fún wa."

Ó wá yé mi. Oṣù karùn-ún. Àwọn géńdé kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó rán wọn ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn, wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Mo bá àwọn obìnrin náà kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀. Mo tún fi ẹnu mi yìí lé àwọn géńdé náà dé ìta gbangba, mo ń bi wọ́n pé ta ni bàbá wọn. Wọn ò padà wá. Èmi ti gbàgbé. Àwọn ò gbàgbé. Ìyá Ṣùbòmí ní lọ́jọ́ náà ni àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pàdé: iye tí ọjà wà lọ́jọ́ yẹn, òun ni wọ́n máa máa pè fún mi, títí ayé. Wọn ò ní fi kọ́bọ̀ kan kún un. "Kóńgò kan lọ́sẹ̀, kí ló máa dín lára wa?"

Mo ní èmi ti ṣàlàyé fọ́ọ̀mù fún wọn o, mo ti sọ pé ìwádìí ni. Wọ́n ní àwọn mọ̀. Wọ́n ní fọ́ọ̀mù ni fọ́ọ̀mù, èmi sì ni èmi, ṣé wọ́n á wá máa pe iye àlejò sí mi létí ni? Ìyá tó ń ta èlùbọ́ ní, "Èmi ò rí kó o ra tèmi rí. O kàn ń bi mí ní èló, o ń kọ ọ́. Mo ní bóyá ò ń rò ó wò ni." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Rúùtù pàápàá ń rẹ́rìn-ín, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ lọ́wọ́ ẹ̀.

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Báńkì kọ́ ló mú ìlà yẹn tẹ́jú. Èmi ni.

Ọjọ́bọ̀, 17

Akẹ̀sán. Mo bi Àlàbí tó ń ta ìrẹsì pé iye wo ló máa ń pè fún mi. Inú bí i díẹ̀. "Ìwọ tí ìyá ẹ àti ìyá mi jọ jẹ́ ọmọ agbo ilé kan náà? Ṣé kí n wá máa ta ọjà lé ẹ lórí?" Láti ìgbà wo? Láti ìgbà ìsìnkú Bàbá Fádèyí ní agbo ilé wa, ìgbà tó mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Oṣù karùn-ún náà ni!

Òun nìkan ló mọ̀ mí nínú àwọn márùn-ún tí mò ń bi l'Ọ́yọ̀ọ́. Àwọn mẹ́rin yòókù ń pe iye gidi. Ohun tó jẹ́ kí ìlà Ọ̀yọ́ ṣì máa rọra gòkè nìyẹn. Gíráàfù ní báńkì ni ò pọ̀ ńbẹ̀. Ojúlùmọ̀ mi ni ò pọ̀ ńbẹ̀!

Mo lè dákẹ́. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ torí òótọ́ ni — láti Ọ̀yọ́ títí dé Ògbómọ̀ṣọ́, ohun tí mò ń rò nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Orúkọ mi á wà lórí ìwé, wọ́n á kà á l'Ábújá, màá ge ojú ewé yẹn, màá fi í sára ògiri.

Àmọ́ Ìyá Ṣùbòmí. Èlé tí ẹgbẹ́ ayánilówó ń gbà lọ́wọ́ ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ogún àpò gàrí ló máa ń kó wá láti Ìrẹsà tẹ́lẹ̀. Mẹ́jọ ló ń kó báyìí. Ìdí tó fi ń gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ lọ́wọ́ Rúùtù nìyẹn, kò sí ìdí míì. Bí àwọn ará Ábújá bá rí ìlà tó tẹ́jú, wọ́n á ní oògùn ń ṣiṣẹ́, ẹ fi kún un.

Ẹtì, 18

Mo sọ ọ́ fún Gíráàfù. Gbogbo ẹ̀. Mo dúró, mi ò jókòó. Ó gbọ́ ọ tán láì ya ìlà kankan, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ó ní, "Ẹnì kan péré lo fi dán an wò." Mo ní ẹnì kan, àti ẹnu obìnrin mẹ́fà, àti ẹnu Àlàbí. Ó ní iṣẹ́ ọdún kan ó lé ni. Ó ní ó ku ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní bóyá ká fi àlàyé kékeré kan sí ìsàlẹ̀ ojú ewé.

Ibẹ̀ ni mo ti bínú. Mo ní, "Dókítà, ẹ fẹ́ gbé oore tí wọ́n ṣe fún mi lọ sí Ábújá, kẹ́ ẹ pè é ní iṣẹ́ báńkì? Kí wọ́n wá torí ẹ̀ fi èlé kún èlé fún àwọn obìnrin náà? Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti ń kọ̀wé nípa gàrí, ẹ ra kóńgò kan rí? Ẹ bi ìyàwó yín ní èló rí?"

Ó ní, "Ṣàngódùnní, orúkọ ẹ wà lórí ìwé yìí."

Mo ní ìdí nìyẹn.

Ó ní kí n máa lọ. Mo gbàgbé àgboòrùn mi síbẹ̀, mi ò sì ní padà lọ mú un.

Mo ti dé ilé báyìí. Mo ti fẹ̀sùn kan Olúwadára. Mo ti fẹ̀sùn kan Ìyá Ṣùbòmí níwájú gbogbo ọjà. Mo ti fẹ̀sùn kan Dókítà ní ọ́fíìsì ẹ̀. Ẹni tó yẹ kí n kọ́kọ́ mú ló ń di bírò yìí mú. Oṣù márùn-ún ni mo fi ń kọ iye kan náà, mo ń gbọ́ igbe gbogbo ìlú, mi ò bi ara mi pé kí ló dé. Ó dùn mọ́ mi ni. Wọ́n ń pè mí ní ọmọ, wọ́n ń pọ́n gàrí gogoro fún mi. Mo rò pé bí ọjà ṣe rí nìyẹn.

Sọ́ńdè, 20

Gíráàfù pè ní ọ̀sán. Ó rán Olúwadára àti ìyàwó ara ẹ̀ lọ sí Ọjà Igbó láná, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ, ẹgbẹ̀jọ. Ó ní ìyàwó òun sọ pé, "Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún yín pé owó oúnjẹ ò tó, mo rò pé ẹ ń gbọ́ ni."

Ó ti kọ̀wé sí Ábújá. Ó ti yọ ìwé náà kúrò, kò ní fi í ránṣẹ́ mọ́.

Kò bẹ̀ mí, kò sì dúpẹ́. Àmọ́ ó yọ ọ́. Màá fún un ní ìyẹn.

Ó ní a máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ọdún kan gbáko. Iye tí wọ́n ń tà á fún àlejò lòun ń fẹ́. Bí àwọn obìnrin náà bá lè máa pe iye yẹn fún mi, kí n máa bá iṣẹ́ lọ, orúkọ mi á wà lórí ìwé tuntun. Bí wọn ò bá lè ṣe é, Olúwadára láá máa lọ. "O ti di ọmọ wọn," ó ní. "Mi ò lè fi ọmọ ilé ka iye ọjà."

Ẹ gbọ́ o! Wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi torí pé èèyàn fẹ́ràn mi.

Mo sì ti sọ fún ìyá mi l'Ọ́yọ̀ọ́ pé orúkọ mi ń lọ sí Ábújá. Ó ti sọ fún gbogbo agbo ilé.

Ajé, 21

Ọjọ́ tó yẹ kí ìwé lọ. Kò lọ. Mo fọ gbogbo aṣọ tí mo ní, títí kan èyí tó mọ́. Mo pe Olúwadára, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Àǹtí, ó ti tán."

Ìṣẹ́gun, 22

Mo lọ. Aago méje.

Mo kí Ìyá Ṣùbòmí, mo kúnlẹ̀, èmi tí mo bú u lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní, "Dìde, o ò ṣe nǹkan kan, inú ló bí ẹ." Ó ti mú kóńgò. Mo ní kó dúró. Mo ní, "Mà, mo wá bẹ̀ yín ni. Ẹ jọ̀ọ́, láti òní lọ, kẹ́ ẹ máa ta ọjà fún mi bí ẹni tẹ́ ò mọ̀ rí."

"Kí la ṣe fún ẹ?"

Mo ní kò sí.

"Ta ló sọ̀rọ̀ sí ẹ níbí?"

Mo ní kò sẹ́ni.

"Àbí o ti ń bá àwọn ọ̀mọ̀wé rìn, o ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ wa ni ẹ́?"

Mo ṣàlàyé. Báńkì, èlé, Ábújá, ìlà tó tẹ́jú. Mo ní oore yín yìí, òun làwọn kan fẹ́ rí, kí wọ́n ní ọjà ò wọ́n mọ́, kí èlé tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín tún lọ sókè. Àwọn márùn-ún yòókù ti sún mọ́ wa. Ó gbọ́ ọ. Mo mọ̀ pé ó yé e, obìnrin yẹn ò gọ̀. Ó wá ní, "Kí wọ́n wá bi èmi náà. Mo máa sọ fún wọn. Kí ló dé tó fi jẹ́ ìwọ ni wọ́n ní kó wá di àlejò?"

Ó tún bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá ohun tí mo fẹ́ nìyẹn lóòótọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Ó bu gàrí. Ó mú ọ̀pá, ó gé orí ẹ̀ pẹlẹbẹ. Ó dà á sínú ọ̀rá, ó dì í, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi. "Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ ni, mà. Ẹ ṣeun, mà."

Mà! Obìnrin tó lè bí mi.

Mo lọ sọ́dọ̀ ìyá tó ń ta èlùbọ́. Òun náà ti gbọ́. Ó pe iye, kò wo ojú mi. Gbogbo ìlà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kò sẹ́ni tó ṣàwàdà. Mo ń kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é. Mo tún un kà kí n tó kúrò níbẹ̀. Kò sí àṣìṣe kankan nínú ẹ̀. Látìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò tíì kọ fọ́ọ̀mù tó tọ́ tó yìí.

Mi ò lè gbé gàrí yẹn wọlé. Mo gbé e fún Rúùtù. Ó bi mí pé èló ni wọ́n tà á fún mi.

Mo ní iye tí wọ́n ń tà á fún gbogbo èèyàn.